Ṣọ́ọ̀bù Ìránṣọ Kan ní Iléṣà, Lẹ́yìn Ọdún Mẹ́ta Tí N Kò Yà Síbẹ̀

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí tí mo ti padà di oníbàárà ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ kékeré kan tí kò jìnnà sí Ọjà Atákúnmọ̀sà ní Iléṣà, aṣọ mẹ́fà ni wọ́n sì ti rán fún mi láti ìgbà náà: àǹkárá mẹ́ta, léèsì méjì, àti aṣọ ẹgbẹ́ kan tí a fi ṣe ìkórè nínú ìjọ wa. Mo fẹ́ sọ bí iṣẹ́ wọn ti rí fún ẹni tó bá ń wá aránṣọ, ṣùgbọ́n n kò lè sọ ọ́ pẹ̀lú òtítọ́ láì fi kún un pé ọdún mẹ́ta gbáko ni n kò fi tẹ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, pé ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ṣẹ̀ mí ní ẹ̀ṣẹ̀ tó dùn mí wọ egungun, àti pé mo ti dárí jì í nítorí Kristi. Ẹ ó rí i pé n kò dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà. Gbèsè tí mo ti fagi lé, n kò tún fẹ́ máa gbé orúkọ onígbèsè náà kọ́ sí ìta gbangba. Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Iléṣà, tó sì fẹ́ mọ ibẹ̀, kí ó bi mí, n ó mú un dé ẹnu ọ̀nà fúnra mi.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí iṣẹ́ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ènìyàn ń sanwó fún. Ìyá yìí mọ aṣọ rán. Àǹkárá àkọ́kọ́ tí mo gbé lọ ní àwòrán ẹyẹ ńláńlá. Nígbà tí mo gbà á, mo wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí iwájú àti ẹ̀yìn ti pàdé, mo sì rí i pé orí ẹyẹ kan wà ní apá ọ̀tún, ọrùn rẹ̀ sì bọ́ sí ibi tó yẹ gẹ́lẹ́ ní apá òsì, tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò bá fi ọwọ́ kàn án kò lè mọ̀ pé abẹ́rẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Nínú aṣọ náà, ó fi ìbú ìka méjì sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó ní bí mo bá sanra sí i, kí a lè tú u kí a sì tún un rán láì tún wá aṣọ mìíràn kiri. Ọ̀pọ̀ aránṣọ òde òní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọrùn bùbá rẹ̀ máa ń jókòó pẹ̀sẹ̀ lára, kì í gbé sókè lẹ́yìn. Bí ó bá ń wọn ènìyàn, yóò wọ̀n ọ́ ní ìdúró, yóò ní kí o jókòó, yóò sì tún un wọ̀n, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti wí, inú ilé ìjọsìn ni a máa ń wọ aṣọ wọ̀nyí lọ, ìjókòó ni a sì ń ṣe níbẹ̀ jù.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà (₦8,000) ni mo san fún ìró àti bùbá àǹkárá kẹyìn, ₦15,000 ni mo san fún léèsì, a sì máa ń san ìdajì sílẹ̀. Owó náà kò wọ́n, kò sì pọ́ọ́kú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàrin wa rèé. Ní ọdún 2021, nígbà tí ọdún kan fẹ́ pé tí ìyá mi ti papò dà, mo gbé sányán rẹ̀ lọ fún aránṣọ yìí kí ó bá mi gé ìró rẹ̀ kúrú díẹ̀, kí ó sì rán bùbá tí yóò bá a mu, kí n lè wọ̀ ọ́ níbi ìsìn ìrántí. Sányán gidi ni, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní baba aṣọ, tí òwú rẹ̀ ti ara ilé tí kòkòrò inú igbó ń hun yí ara rẹ̀ ká wá, tí a hun ní ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kí a tó gán wọn pọ̀. Ní igun ìró náà kan, níbi tí èkúté ti jẹ ẹ́ nígbà kan rí, ìyá mi ti fi òwú búlúù dì í, nítorí pé kò rí òwú aláwọ̀ ilẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì fẹ́ kí ihò náà fẹ̀ sí i. Ojú abẹ́rẹ́ mọ́kànlá ni. Mo ti kà wọ́n nígbà èwe mi, bí mo ti ń sùn lé e lẹ́sẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí mo gbé aṣọ náà lọ, mo lọ sí ìgbéyàwó kan nínú ìlú. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí gba iwájú mi kọjá, ó gbé àwo ìrẹsì dání, mo sì rí òwú búlúù náà ní igun ìró tó ró. N kò pariwo. Mo jókòó, mo sì ń wo ojú abẹ́rẹ́ ìyá mi bí ó ti ń lọ láàrin àwọn ènìyàn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá aránṣọ náà, ó sì búra fún mi pé aṣọ náà kò kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù òun láti ọjọ́ tí mo ti gbé e wá. Ó mú un jáde. Ọbẹ̀ ti ta sí i ní ibi itan, wọ́n ti fi ọṣẹ líle fọ̀ ọ́, ibẹ̀ sì ti ṣá, ó ti le gbagidi. Ó ti fi aṣọ ìyá mi yáni gbowó ni. Aṣọ mìíràn ni mo wọ̀ lọ síbi ìsìn ìrántí náà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹni tó bi mí àti ẹni tí kò bi mí. Mo sọ ọ́ nínú ìpàdé ẹgbẹ́, mo sọ ọ́ lọ́jà, mo sọ ọ́ níbi tí a ti ń dúró de ọkọ̀. Kí oṣù díẹ̀ tó kọjá, méje nínú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ti lọ kó aṣọ wọn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, inú mi sì dùn nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ ti ẹlòmíràn. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo sọ. N kò fi irọ́ kún un. Síbẹ̀, ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, bí a bá ń gba àdúrà Olúwa nínú ìjọ, tí a dé ibi tó ní kí Ọlọ́run dárí jì wá bí àwa náà ti ń dárí ji àwọn tó ṣẹ̀ wá, n ó pa ẹnu mi dé, n ó sì dúró de wọn níwájú, níbi tí wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ó má ṣe fà wá sínú ìdánwò.

Olùkọ́ ìṣirò ni mo jẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, bóyá ìdí nìyẹn tí Ọlọ́run fi fi ìṣirò mú mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, wọ́n ní kí n darí ẹ̀kọ́ Bíbélì àwọn obìnrin, Mátíù 18 ẹsẹ 21 títí dé 35 ló sì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Pétérù bi Jésù bóyá kí òun dárí ji arákùnrin òun títí dé ìgbà méje, Jésù sì dá a lóhùn pé títí dé ìgbà àádọ́rin lọ́nà méje, ó sì pa òwe ẹrú tó jẹ ọba ní ẹgbàárùn-ún tálẹ́ńtì, tí ọba fi í sílẹ̀ lọ, tó sì jáde lọ fún ẹrú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́rùn nítorí ọgọ́rùn-ún dénárì. Mo fẹ́ kí àwọn obìnrin náà rí bí gbèsè méjèèjì ti tó, mo sì mú ṣọ́ọ̀kì. Dénárì kan ni owó iṣẹ́ òòjọ́ lágbàṣe, bí a ti rí i nínú ìtàn àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà àjàrà ní Mátíù 20. Tálẹ́ńtì kan tó nǹkan bí 6,000 dénárì. Gbèsè ẹrú àkọ́kọ́ jẹ́ owó iṣẹ́ 60,000,000 ọjọ́; bí ènìyàn bá ń ṣiṣẹ́ ọ̀ọ́dúnrún ọjọ́ lọ́dún, ọdún 200,000 ni yóò fi san án. Gbèsè ẹrú kejì jẹ́ owó iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ọjọ́, èyí tó jẹ́ oṣù mẹ́rin. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sí ojú pátákó, mo sì fi ìkan pín èkejì: 600,000.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe 600,000 yẹn ló mú mi jókòó, nítorí mo ti gbọ́ ọ lórí ìwàásù rí. Ọgọ́rùn-ún dénárì ni mo ń wò. Owó oṣù mẹ́rin kì í ṣe owó kékeré lọ́wọ́ tálákà. Jésù kò sọ pé ẹrú kejì kò jẹ gbèsè, kò sọ pé kí ẹni tí a jẹ ní gbèsè ṣe bí ẹni pé owó rẹ̀ kò nù. Fún ọdún mẹ́ta, ohun tí mo rò pé ìdáríjì ń béèrè lọ́wọ́ mi ni pé kí n sọ pé sányán ìyá mi kì í ṣe nǹkan, n kò sì lè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí irọ́ ni. Ọjọ́ náà ni mo rí i pé kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. A kì í fagi lé ohun tí a kò kọ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dárí gbèsè jì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iye tí ó jẹ́, kí ó kọ ọ́ tán pátá, kí ó tó fa ìlà lé e lórí, kí ó sì gbà pé òun ni òun pàdánù rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, bàbá bàbá mi sì ṣe òṣómàáló. Àwọn tí wọ́n ń ru aṣọ kiri ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n á sì padà wá gbowó, ni a ń pè bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn a lóṣòó, wọn a ní òṣó ni àwọn máa ló títí àwọn ó fi gbowó àwọn. N kò ka iṣẹ́ náà sí ohun ìtìjú, òun ló rán ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú yìí lọ sí ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lóṣòó pẹ́ kò lè rìn lọ ibòmíràn, orúnkún rẹ̀ ló sì ń ro ó, kì í ṣe ti onígbèsè. Ọdún mẹ́ta ni ọkàn mi fi lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yìí, tí mo ń gba ọ̀nà tó jìn lọ sí ọjà kí n má baà rí i.

Ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kẹta ọdún náà, nínú àwẹ̀ Léǹtì, mo lọ síbẹ̀. Ìdí maṣíìnì ló wà. Nígbà tó rí mi, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí àgbá maṣíìnì náà, aṣọ tó ń rán sì dúró sí abẹ́ abẹ́rẹ́. Mo ti ka ẹsẹ 15 nínú orí Bíbélì kan náà, níbi tí Olúwa ti ní bí arákùnrin rẹ bá ṣẹ̀ ọ́, kí o lọ sọ ẹ̀bi rẹ̀ fún un láàrin ìwọ àti òun nìkan, mo sì mọ̀ pé gbogbo Iléṣà ni mo ti sọ fún kí n tó sọ fún un. Mo ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ yọ̀ǹda wa. Mo wí fún un pé, “Ohun tí o ṣe sí aṣọ ìyá mi dùn mí, o sì tún búra èké lé e. Mo ti dárí rẹ̀ jì ọ́. Bí mo ti gbé ọ̀rọ̀ rẹ kiri ìlú kí n tó wá bá ọ, èmi náà ṣẹ̀ ọ́, mo sì bẹ̀ ọ́ kí o forí jì mí.” Ó kúnlẹ̀. Ó ní, “Mà, ẹ má bẹ̀ mí. Èmi ni mo jẹ yín.” Ó fẹ́ máa sọ ìdí tí òun fi ṣe é, mo sì ní kí ó fi í sílẹ̀, nítorí bí mo bá ti ń gbọ́ ìdí, n ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò bóyá ìdí náà tó.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó gbé ₦10,000 wá sí ilé mi, ó ní owó tí òun gbà lórí aṣọ náà àti èlé rẹ̀ ni. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n dá a padà, pé ẹni tó ti dárí jì kì í gbowó mọ́. Mo gbà á. Sakéù dìde dúró nínú ilé ara rẹ̀ ní Lúùkù 19, ó ní ohun tí òun bá fi èrú gbà, òun ó dá a padà ní ìlọ́po mẹ́rin, Jésù kò sì ní kí ó jókòó. N kò bèèrè owó náà, mo sì ti dárí jì í kí ó tó mú un wá, ṣùgbọ́n bí mo bá kọ̀ ọ́, èmi ni n ó dá a dúró sí ibi tí kò fẹ́ dúró sí mọ́. Ìlú tí ìsọjí ọdún 1930 ti bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Òoyè ni a wà. A mọ bí a ti ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní gbangba. Kí a jẹ́ kí ẹni tó jẹ́wọ́ dá ohun tó mú padà pẹ̀lú ìrọ̀rùn tún jẹ́ iṣẹ́ mìíràn.

Nípa ọ̀rọ̀ ìfọkàntán, mo fẹ́ kí ó yé ènìyàn pé n kò kó léèsì olówó iyebíye lọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àǹkárá tí mo rà ní owó pọ́ọ́kú ni mo gbé lọ, ojú mi sì wà lára rẹ̀. Àwọn kan gbà pé bí ìdáríjì bá ti wáyé, gbogbo kọ́kọ́rọ́ ni kí a dá padà lọ́jọ́ kan náà, ṣùgbọ́n n kò rí i bẹ́ẹ̀ nínú Ìwé Mímọ́. Jósẹ́fù kò kórìíra àwọn arákùnrin rẹ̀ nígbà tí wọ́n wá ra oúnjẹ ní Íjíbítì, ó ń sọkún ní ìkọ̀kọ̀ nítorí wọn. Síbẹ̀ ó dá owó wọn padà sínú àpò, ó fi ago rẹ̀ sínú àpò Bẹ́ńjámínì, ó sì wò ó bóyá wọn yóò tún fi àbúrò wọn sílẹ̀ bí wọ́n ti fi òun sílẹ̀. Nígbà tó rí i pé Júdà fi ara rẹ̀ dípò ọmọ náà, ó bú sẹ́kún lójú wọn. Ohun kan wà nínú ìtàn náà tí mo fẹ́ràn jù nítorí ọ̀rọ̀ aṣọ yìí: Gẹ́nẹ́sísì 37 sọ fún wa pé wọ́n bọ́ ẹ̀wù Jósẹ́fù ní ọrùn rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ sínú kòtò, Gẹ́nẹ́sísì 45 sì sọ fún wa pé nígbà tó ń rán wọn padà sílé, aṣọ ló fún olúkúlùkù wọn.

Ṣọ́ọ̀bù náà fúnra rẹ̀ ti yàtọ̀ sí bí ó ti wà ní ọdún 2021. Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì báyìí, tí ó ń kọ aṣọ kọ̀ọ̀kan sí, iye ọ̀pá rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀, ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tí yóò jáde, oníbàárà yóò sì fọwọ́ sí i. Ó ń fúnni ní rìsíìtì. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri tí a kọ ọ́ sí gàdàgbà pé wọn kì í yá aṣọ oníbàárà fún ẹnikẹ́ni. N kò ní kí ó ṣe ọ̀kankan nínú wọn.

Àléébù wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bí n kò bá sì sọ wọ́n, ìyìn mi kò ní í ṣeé gbára lé. Ó máa ń pẹ́. Aṣọ tó bá ní kí n wá gbà ní ọjọ́ Ẹtì, mo ti mọ̀ pé ó lè di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà míràn nítorí àìsí iná, nígbà míràn nítorí pé ó gba iṣẹ́ ju èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ká. Bí ènìyàn bá fẹ́ wọ aṣọ ní oṣù Kejìlá, nígbà Kérésìmesì àti àwọn òde ìparí ọdún, kí ó gbé e lọ ní oṣù Kẹwàá, kí ó má sì gba ìlérí mìíràn. Fóònù rẹ̀ kì í sábà wọlé. Aṣọ tí ó ta bo ibi tí a ti ń wọ aṣọ wò kúrú jù fún àgbà obìnrin, kò sì sí dígí tí ènìyàn lè rí ara rẹ̀ dé ẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Mo ti sọ ti dígí náà fún un ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Léèsì mi kejì ni mo fi mọ̀ pé ọkàn mi ti balẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé apá rẹ̀, ó sì jó níbi tó tó èékánná àtàǹpàkò, ní inú, níbi tí n kì bá tí rí i títí láé. Ní ọjọ́ náà gan-an ló wá sí ilé mi. Ó gbé aṣọ náà dání, ó yí apá rẹ̀ síta fún mi lójú ọ̀nà kí n tó kí i káàbọ̀, ó ní, “Mà, ẹ wò ó, a ti bà á jẹ́.” Ó tú apá náà, ó fi èyí tó ṣẹ́kù lára léèsì rọ́pò ibẹ̀, kò sì gba owó tó kù lọ́wọ́ mi bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fi lọ̀ ọ́.

Ìyẹn ló mú mi ṣí àpótí mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Sányán ìyá mi ti wà níbẹ̀ láti ọdún 2021, ibi tó ṣá kò ní í padà bọ̀ sípò mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀já tó dára tó láti fi rán ìborùn ṣì wà lára rẹ̀, títí kan igun tó ní òwú búlúù. Mo gbé e lọ. Nígbà tí ó tú u lórí tábìlì tí ó rí ohun tí ó jẹ́, ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó ní òun kò lè gé e lẹ́yìn mi, kí n jọ̀wọ́ fa àga jókòó tì òun títí òun yóò fi ṣe tán. Mo ní rárá, mo ní ojú abẹ́rẹ́ mọ́kànlá wà ní igun yẹn, kí ó má ṣe gé wọn. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, mo fọwọ́ sí i, mo gba rìsíìtì mi, mo sì bọ́ sínú ọjà lọ ra iṣu.